Bàbá Kípà, Ẹ Jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Ekenwan Road, ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ tó ń wọ nọ́ńbà 9 ni gbogbo èèyàn sì ń pariwo. Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n gbá. Ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ wòran wọn nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń jò. Nọ́ńbà 5 kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àmọ́ inú rẹ̀ yá jù. Bí réfírì bá lé e jáde, a wọ gàù nìyẹn.

Kípà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ wa ni, bàbá rẹ̀ sì wà lára wa níbí. Wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́, torí WAEC. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. A ò ní kó má kàwé o. St. Finbarr's ní Akọka, l'Ékòó, ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé, kí wọ́n tó gbá fún New Nigeria Bank ní Bìní níbí. Nwosu ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní 1980. Keshi ní tiẹ̀ gbà á ní 1994, ó tún gbà á ní 2013 gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì.

Kó máa ṣe tírénì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó fi ìyókù kàwé. Àwa máa dá owó lẹ́sìnnì rẹ̀. Ẹ dá wa lóhùn kí Sátidé tó pé, torí kípà kejì yẹn… ẹ̀yin náà ṣáà ti rí i.