Àdéhùn Ààbò ECOWAS: Ta Ni Ó Wà Fún?

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ Àbújá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ni. Lórí ọjà tí ó bá wọlé láti ilẹ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, àwọn aṣọ́bodè a máa gba náírà kan nínú igba náírà fún ẹgbẹ́ náà. Oníṣòwò a gbé owó yìí lé orí ọjà, ẹni tí ó bá rà á ni yóò sì san án. Ẹni tí ó ń dá owó ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe.

Nítorí òwò ni a ṣe dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Kò pẹ́ tí àwọn olórí fi rí i pé òwò kì í dúró níbi tí kò bá sí ààbò. Ní 1981, ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹni tí ó bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ni ó gbógun tì. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí agbára Ìbàdàn wúwo jù lọ́rùn wọn ní 1878, àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà so ọwọ́ pọ̀, a sì ń pe ìṣọ̀kan wọn ní Èkìtì Parapọ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ànábì wa pẹ̀lú mọ̀ pé nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà ní 622, Mùsùlùmí àti Júù jọ ṣe májẹ̀mú pé wọn yóò jọ gbèjà ìlú náà.

A kò gbọdọ̀ sọ pé àdéhùn Freetown kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG wọ Làìbéríà nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa ara wọn bí ẹran. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó kú síbẹ̀. Ní 1998 wọ́n dá Ààrẹ Kabbah padà sórí oyè ní Sàró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, Jammeh tí ó kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀ ní Gáńbíà kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí ó rí i pé àwọn ọmọ ogun Senegal, Nàìjíríà àti Gánà ti dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Láti 2012 ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń dà Màlì láàmú. ECOWAS rán ọmọ ogun lọ síbẹ̀ ní 2013, kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà lé Àjọ Àgbáyé lọ́wọ́. Nígbà tí iná náà ràn dé Bùrkínà Fásò àti Nìjẹ̀r, tí abúlé ń jó, tí ọjà ń tú, kò sí ọmọ ogun ECOWAS kan tí ó lọ dúró tì wọ́n. Àfi ìgbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023! Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí ECOWAS fi ti ẹnubodè, tí ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì ń halẹ̀ ogun. Tálákà ibẹ̀ wá bi ara rẹ̀ pé: nígbà tí wọ́n ń pa mí, níbo ni ẹ wà?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Màlì, Bùrkínà Fásò àti Nìjẹ̀r ṣe àdéhùn tiwọn pé ẹni tí ó bá kọlu ọ̀kan kọlu gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni wọ́n jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀, tí ó tún lọ kọ́ irú ilé kan náà, kì í ṣe ilé ni ó kórìíra. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ilé ni.

Àwọn kan ń wí pé kí ẹgbẹ́ náà túká, kí oníkálùkù ṣọ́ ilé rẹ̀. A kò bá wọn gbà. Ọ̀nà tí ó gba Ọ̀tà kọjá ni ó lọ sí Ìdí-Ìrókò, Bẹ̀nẹ̀ sì ni ó wà lódìkejì, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ń gbé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn sójà kan fẹ́ gba ìjọba níbẹ̀. Nàìjíríà rán ọkọ̀ òfurufú ogun lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ìdìtẹ̀ náà sì já sí asán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, àwọn agbésùnmọ̀mí pa sójà Bẹ̀nẹ̀ 54 ní àríwá ilẹ̀ náà, a kò sì rí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti Kwara wa sì jọ pààlà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fẹ́. Èkíní, kí ọmọ ogun ECOWAS máa dìde fún abúlé àti ọ̀nà ọjà bí ó ti ń dìde fún ààfin. Èkejì, kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mẹ́ta tí ó jáde. Láti apá ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ àgbò Iléyá àti àlùbọ́sà wa ti ń wá, ọ̀tá kan náà ni ó sì ń lé gbogbo wa. Ẹ̀kẹta, kí ECOWAS bá olórí tí ó yí òfin padà kí ó lè pẹ́ lórí oyè wí, bí ó ti ń bá sójà tí ó gba ìjọba wí. Olè ni àwọn méjèèjì.

Àga 35 ni Nàìjíríà ní nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ECOWAS ní Àbújá, inú àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún ni a sì ti ń yan àwọn tí ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò ní Ojú Ore, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí tálákà Nìjẹ̀r bi ara rẹ̀, kí wọ́n sì dáhùn kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún wọn.