Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ fi fóònù sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ẹ ò rí nǹkan? Fóònù téèyàn rà ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ti ń polówó òmíràn, wọ́n ní èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti di ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀kánjúwà ló ń da àwọn tó ń ṣe é láàmú. Irọ́ kọ́, àmọ́ ẹ̀rù náà ń bà wọ́n.

Ẹ wo àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣàn ní Japan. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé Sony tàbí Sharp sí pálọ̀, gbajúmọ̀ ni. Nígbà tí tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ dé, tí Kòríà àti Ṣáínà ń ṣe é jáde wìtìwìtì, owó ẹ̀ já wálẹ̀, èrè orí ẹ̀ sì gbẹ. Ọdún 10 gbáko ni Sony fi pàdánù lórí tẹlifíṣàn kí wọ́n tó yọ iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ lọ́dún 2014. Lọ́dún 2016, Foxconn ti Taiwan gba Sharp. Lọ́dún 2017, Toshiba ní òun fẹ́ẹ́ ta iṣẹ́ tẹlifíṣàn òun fún Hisense ti Ṣáínà. LG ti Kòríà náà pàdánù bíi bílíọ̀nù 4.5 dọ́là lórí fóònù láàárín nǹkan bí ọdún 6, ló bá kéde ní April 2021 pé òun ò ṣe fóònù mọ́.

Ẹni tí èrè orí ọjà ẹ̀ bá kéré, àfi kí oníbàárà máa tètè padà wá. Kódà, Apple tí èrè tiẹ̀ ṣì sanra gan-an ò bọ́ níbẹ̀. Ní December 2017, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ń dín eré iPhone àtijọ́ tí bátìrì ẹ̀ ti ń kú lọ kù. Wọ́n ní kó má baà máa ṣàdédé pa ara ẹ̀ ni. Inú bí àwọn èèyàn burúkú burúkú. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló sì ṣe ìrésà: Apple já owó bátìrì wálẹ̀ láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 fún ọdún 2018. Làwọn oníbàárà bá ń pààrọ̀ bátìrì, wọ́n fi fóònù tuntun sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Nígbà tó di January 2019, Tim Cook tó jẹ́ ọ̀gá Apple lọ́dún náà kọ̀wé sáwọn tó fowó dókòwò níbẹ̀ pé owó tó máa wọlé fún oṣù mẹ́ta ìparí 2018 ò ní ju bílíọ̀nù 84 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, bílíọ̀nù 89 ni wọ́n ti ń retí. Ọjà Ṣáínà tó dẹnu kọlẹ̀ ló dá lẹ́bi jù, ṣùgbọ́n ó dárúkọ bátìrì olówó pọ́ọ́kú yẹn náà. Bátìrì lásán-làsàn!

Àwọn ọmọ wa tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, n'Ikẹjà, ti mọ èyí tipẹ́. Fóònù tí wọ́n ti lò sú ní Amẹ́ríkà ń dé ọ̀dọ̀ wọn bíi tòkunbọ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ bi ara yín: ṣé fóònù ló bàjẹ́ ni àbí bátìrì? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé ẹni tó ṣe é ṣì ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i? Bí ìyẹn bá ti dáwọ́ dúró, tó sì jẹ́ pé orí ẹ̀ lẹ ti ń ṣe báǹkì, ẹ má fi ṣeré, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ẹ́ ra tuntun, ẹ béèrè iye ọdún tí àtúnṣe náà máa fi wá. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 lọ́dún 2023, Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 lọ́dún 2024.

Wàhálà tiwọn ni kí èrè wọn má gbẹ. Tiyín ni kí àpò yín má jò.