Pápá Gọ́ọ̀fù Oníyanrìn Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù bá bọ́ sí àwọn èèyàn lẹ́nu ní Àbújá níhìn-ín, pápá kan ṣoṣo ni ọkàn wọn máa ń lọ, èyíinì ni IBB, pápá oníhò 18 tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pè, níbi tí koríko ti ń tutù yọ̀yọ̀ lẹ́ẹ̀rùn lójò. N kò ní ọ̀rọ̀ búburú kan láti sọ sí pápá náà, nítorí ohun tó dára, ó yẹ kí a pè é ní dáradára. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti sọ ọ́ di òṣùwọ̀n fún gbogbo pápá tó kù lórílẹ̀-èdè yìí, débi pé bí a bá dárúkọ àwọn pápá kéékèèké tí kò ní koríko létí ihò, tó jẹ́ pé iyanrìn la fi tẹ́ ẹ, ńṣe ni wọn a yínmú, wọn a ní èyí kì í ṣe gọ́ọ̀fù. Ẹni tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun.

Bí a bá tọpasẹ̀ eré yìí dé orísun rẹ̀, a óò rí i pé orí ilẹ̀ tálákà ni wọ́n ti bí i. Etí òkun ni, ní Scotland, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí iyọ̀ ti wọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ kankan kò du ú, tó jẹ́ pé àgùntàn ló ń jẹ koríko rẹ̀ wálẹ̀ kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ní St Andrews ni wọ́n sì ti wá fi í sí ihò 18 ní ọdún 1764. Ní ilẹ̀ Wales, pápá tí kò ní fáàrí bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí di òní. Àgùntàn ń jẹ̀ lórí pápá Southerndown nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbá bọ́ọ̀lù; ní Pennard, àwókù ààfin ayé àtijọ́ ń wo àwọn tí ń ṣeré lójú, màlúù sì lè kọjá níwájú ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ní Llanymynech, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ Wales lè lọ bá a ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì la pápá náà kọjá, níbẹ̀ ni Ian Woosnam sì ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀ kó tó gba ife-ẹ̀yẹ Masters ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1991. Orúkọ àwọn pápá wọ̀nyí kì í sábà jáde nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ń wá wọn lọ, kò sì sí ará Wales tí ń tìtorí wọn bojú.

Iyanrìn tiwa ńkọ́? Browns ni àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù ń pè é. Dípò koríko tí a óò máa gé lójoojúmọ́, tí a óò sì máa bomi rin, wọn a sẹ́ iyanrìn kúnná, wọn a po ó mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ ti lò tán, wọn a tẹ́ ẹ yí ihò ká, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ́ìlì yìí ló ń mú iyanrìn wúwo tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í fi í gbé e lọ. (Kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sún mọ́ kànga tàbí odò, ẹgbẹ́ tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ mójú tó èyí.) Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ brown kan rí ní pápá kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá, láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ ti la gbogbo wa létè. Ọmọkùnrin kan, kádì tí ń ru àpò igi fún alàgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, fa àjákù kápẹ́ẹ̀tì kan tí a so mọ́ okùn, ó wọ́ ọ láti ibi tí bọ́ọ̀lù dúró sí tààrà dé ẹnu ihò, títí ojú iyanrìn fi jọ̀lọ̀ tí ipasẹ̀ gbogbo àwọn tó ti kọjá fi parẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ fínnífínní, ó ní, “Bàbá, ẹ darí ẹ̀ sí òsì díẹ̀, ẹ má gbá a le o.” Alàgbà náà kò jiyàn, ó gbá a bí ọmọ ti wí, bọ́ọ̀lù ń yí jẹ́jẹ́ títí ó fi já sínú ihò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iyanrìn kò lè gbé ọ̀gá jáde. Ní ọdún 1978, nígbà tí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, gbàlejò ìdíje Open ti Nàìjíríà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Scotland, tó ń jẹ́ Sandy Lyle, ló gbà á, orí browns ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Ọkùnrin yìí kan náà ló gba Open ti Bìrìtéènì ní 1985, tó sì gba Masters ní 1988.

Ṣùgbọ́n àwọn kádì ló wà lọ́kàn mi jù lọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí gọ́ọ̀fù ń bọ́ nílẹ̀ wa lónìí, àpò ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, igi tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀gá kan ló ti pa á tì. Ní pápá ńlá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà bí kò bá sí iṣẹ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ní pápá kékeré, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn ọ̀gá ti jókòó ti ohun mímu wọn, ààyè a ṣí sílẹ̀ fún un láti gbá ihò méjì mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀gá mìíràn a sì dìde láti tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ ni ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní pátákó.

Ẹwà àwọn pápá wọ̀nyí kò sì jọra. Ní Jos, tó fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju òkun lọ, èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù ní Rayfield, àdúgbò tí àwọn awakùsà tánńganran tẹ̀ dó, nínú òtútù tí ará Àbújá kò mọ̀. Ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, pápá kan wà nínú ọgbà IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní 1967, tí adágún omi àti igbó kìjikìji wà nítòsí rẹ̀, tí ohùn ẹyẹ kì í sì í dákẹ́. Ta ló ń kọ̀ròyìn nípa ìwọ̀nyí?

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni ojú tí àwọn alágbára fi ń wo ilẹ̀ gbalasa láàárín ìlú. Bí wọ́n bá ti rí pápá tí koríko rẹ̀ gbẹ, tí ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń jò, wọn a ní ilẹ̀ lásán ni, ẹ jẹ́ ká gé e sí púlọ́ọ̀tì. Òótọ́ ni pé àwa èèyàn nílò ilé, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Igi tí ń bẹ lórí àwọn pápá wọ̀nyí ni ìbòòji tó kù ní àwọn àdúgbò mìíràn, ilẹ̀ tí a kò da kọnkéré sí níbẹ̀ ló sì ń fa omi òjò mu kó tó ya wọlé onílé. Ẹ sì jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀. Nínú ìlú Àbújá yìí tí a ti ń rí mẹ́ruwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi láti ojúlé dé ojúlé, pápá tí kò béèrè omi púpọ̀ kó tó ṣeé lò yẹ ní ohun tí à ń yìn, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣẹlẹ́yà.

Mo ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù ńláńlá ní Àbújá pé kí wọ́n máa gbé ìdíje kan lọ sí pápá oníyanrìn lọ́dọọdún, kí wọ́n san owó àwọn kádì ibẹ̀ bí wọ́n ti ń san án nílé, kí wọ́n sì fi àwọn igi àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti lò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Ní ti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sọ̀fíyọ̀ wọn ilẹ̀ àwọn pápá wọ̀nyí, kí wọ́n ri òpó ààlà sí i, kí wọ́n sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀ tí gómìnà mìíràn kò ní lè fi ìkánjú fagi lé.