Ẹ so fóònù ọ́fíìsì ìjọba pọ̀, kí àgbà sinmi ìrìnàjò asán

Bí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan ní Kìṣí bá fẹ́ mọ ibi tí fáìlì rẹ̀ dé, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò wá owó ọkọ̀, yóò jí ní kùtùkùtù, yóò sì forí lé Ìbàdàn. Bó bá débẹ̀, wọ́n lè ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí lórí ìjókòó, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó gbé e dé Ìbàdàn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Láti ìgbà tí GSM ti dé lóṣù kẹjọ ọdún 2001, tí wáyà NITEL sì ti kú, fóònù àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ lọ síbòmíràn, nọ́ńbà rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ọ́fíìsì ló yẹ kó ni nọ́ńbà, kì í ṣe ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ọ̀pọ̀ báńkì sì ti ń lò ó. Ẹ̀rọ tó ń pín ìpè láti yàrá sí yàrá nínú ọ́fíìsì kan ni wọ́n ń so mọ́ ti ọ́fíìsì mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ náà yóò gé ohùn sí wẹ́wẹ́, nǹkan bí ègé 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò kọ àdírẹ́sì sí ègé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì tún ara wọn tò bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó wà ní Kìṣí yóò kàn tẹ nọ́ńbà kúkúrú, fóònù yóò sì dún lórí tábìlì ní Ìbàdàn bí ẹni pé yàrá kejì ni. Kò sí káàdì tí ìpè náà ń jẹ. Owó íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìjọba yóò máa san.

Àwọn àgbà a máa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, bó bá di pé kéèyàn tọwọ́ bọ̀wé. Ṣùgbọ́n bíbéèrè ibi tí fáìlì wà kò gba ojú.

Iná ọba ni ìṣòro tó le jù. Láti inú wáyà ni fóònù NITEL ti ń rí iná tirẹ̀; fóònù tuntun yìí yóò kú bí iná bá lọ. Nítorí náà, bátìrì àti iná oòrùn pọn dandan. Íntánẹ́ẹ̀tì náà a máa já, bó ti rí lóṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Ìpè láti Kìṣí sí Ìbàdàn kò ní ìdí láti gba òkun, bí ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ bá wà nílé. Síbẹ̀, ọ̀nà kan ò wọ ọjà: kí ìjọba gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì.

Kí àwọn gómìnà bẹ̀rẹ̀ láti olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 33 péré ni ti Ọ̀yọ́. Yàrá kan, fóònù kan, òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa ran àwọn àgbà lọ́wọ́ ti tó. Ní Ìbàdàn, kí ìyà wà fún ẹni tó bá jẹ́ kí fóònù dún títí tí kò gbé e. Fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé kò sàn ju igi lásán lọ.