Ọmọ tó ń tiro, ẹ má kàn fi òrí pa á lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá jí láàárọ̀ tó ń tiro, kí là ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́? A ó ní ó ṣubú níbi eré. Ìyá àgbà á gbé òrí, á fi omi gbígbóná jó o. Bí kò bá lọ, a ó ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀sẹ̀ á di oṣù. Èmi ò fara mọ́ èyí.

Kì í ṣe pé mo ń bú àwọn ìyá àgbà. Ọmọ pípọ̀n tí wọ́n kọ́ wa dára. Bí ìkókó bá ya ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, orí egungun itan rẹ̀ ń jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí. Ní Jàpáànù, wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ ìkókó gbọọrọ, wọ́n á dì í pinpin, egungun ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń yẹ̀. Ní 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún àwọn ìyá. Àrùn náà dínkù gan-an. Ẹni tó bá ní pípọ̀n jẹ́ ìwà ará oko, ẹ má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń rìn, tí ìbàdí ń dùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ọyún lè wà nínú oríkèé. Ọyún yìí lè ba egungun jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òrí kò lè yọ ọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Òmíràn ni fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn ní drépanocytose. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé a máa dí iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ́ orí egungun itan. Egungun náà á kú, á wó, ẹsẹ̀ kan á kúrú. Bí a bá tètè mọ̀, dókítà lè ní kí ọmọ sinmi, kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ìgbà kan. Láti 1993 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú irú àwọn ọmọ báyìí ní Kútọnu, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá wọn. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2003 fi hàn pé àìsàn líle dínkù lára àwọn ọmọ náà.

Ẹ ó ní owó dà? Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ṣírò owó àgbo àti ti adáhunṣe fún oṣù mẹ́ta náà.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọjọ́ tí títiro bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ní orúnkún ló ń dun òun, ẹ ní kí wọ́n wo ìbàdí pẹ̀lú, torí ìrora ìbàdí a máa jáde lórúnkún.