Kí A Tó Wó Ilé Àdúrà Àtijọ́ Nì

Nínú àwòrán gbọ̀ngàn tuntun tí a fẹ́ fi sàmì ayẹyẹ ọdún yìí, a rí ohun kan tí ó mú wa dákẹ́. Ní igun ọgbà, níbi tí ilé àdúrà àtijọ́ nì wà, ayàwòrán-ilé fa ìlà síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni a ó máa gbé ọkọ̀ sí. A kò bá a wí. Ilé alámọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ògiri rẹ̀ kan ti tẹ̀ síta, àwọn ewúrẹ́ ni ó sì ń sá òjò sí abẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé ńṣe ni a gbàgbé láti wó o.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí irun yín ti ń funfun mọ̀ pé inú ilé yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ńṣì tí àwọn òbí wa jókòó lé ní ọjọ́ Ìsinmi láti gbàdúrà, òun náà ni àwọn ọmọ ń jókòó lé ní ọjọ́ Ajé láti kàwé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ yóò pa ìwé dé, orin ni a ó sì máa kọ títí òjò yóò fi dá, nítorí ariwo páànù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Èrò wa ni pé kí a má wó o.

Ìjẹ̀bú kò tètè gba ẹ̀sìn Kristi. Àwọn ajíhìnrere ti fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846, wọ́n ti ń gbé Ìbàdàn ní 1853, síbẹ̀ ẹnubodè Ìjẹ̀bú wà ní títì sí wọn. Ogun Ìmàgbọn ti oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Láàárín ìwọ̀nba ọdún díẹ̀, àwọn tí wọ́n ti kẹ̀yìn sí ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá olùkọ́ kiri. A kò ní ṣe bí ẹni pé ìbọn kò sí nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ni ó po amọ̀ ilé àdúrà. Ní ọ̀pọ̀ ìletò Ìjẹ̀bú, ọmọ ìlú tí ó bá òwò lọ sí Èkó, tí ó sì gbé Bíbélì bọ̀, ni ó kọ́kọ́ pe àwọn aládùúgbò jọ sínú ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin gé igi òrùlé, tí àwọn obìnrin pọn omi tí a fi po amọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni tiwa.

Ohun tí irú àpéjọ kékeré bẹ́ẹ̀ lè bí, Ìjẹ̀bú-Òde ti fi hàn wá. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbàdúrà. Joseph Shadare wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Sophia Odunlami, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n gbà pé àdúrà ń wo àrùn sàn, wọn kò sì gbà pé kí a máa ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ní 1922 ọ̀rọ̀ náà di ìyapa láàárín wọn àti àwọn aláṣẹ ìjọ. Odunlami pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ kékeré yìí, àti nínú ìsọjí tí Ọlọ́run ti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà ní 1930, ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti jáde wá. A kì í ṣe ọmọ ìjọ náà, a kò sì fara mọ́ ohun tí àwọn àkọ́kọ́ wọn sọ nípa oògùn. Síbẹ̀ ó ń wù wá láti rí yàrá tí ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ sí nígbà tí ikú ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí ìjọ ìjọba kò tẹ́ lọ́rùn bákan náà. Àwọn Ọ̀rẹ́ ni, tí ayé ń pè ní Quaker, tí George Fox kó jọ láti nǹkan bí 1650. Ìdákẹ́jẹ́ ni ìsìn wọn. Ẹni tí Ẹ̀mí bá tì, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, yóò dìde sọ̀rọ̀. Ní 1675, àwọn àgbẹ̀ inú wọn kọ́ ilé ìpàdé olókùúta kan sí Brigflatts, abúlé kékeré kan nítòsí Sedbergh, nígbà tí òfin ṣì ka irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún 1689 ni òfin tó fún wọn láyè. Ilé náà ṣì wà, wọ́n sì ń jọ́sìn níbẹ̀ títí di òní. Kò ní pẹpẹ. Ohun tí ó ní ni ọgbà kékeré kan ní ìdí àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn darandaran ń so ajá wọn mọ́ títí ìsìn yóò fi parí. Lójú tiwa, ilé ajá yẹn sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ fún wa ju àwòrán bíṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lọ.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ wó ilé wa ń sọ pé ènìyàn ni ìjọ, kì í ṣe amọ̀. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tó àwọn Ọ̀rẹ́, nítorí wọn kò ka ilé kankan sí mímọ́. Wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe nítorí pé ènìyàn ṣì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn: kí a lé ewúrẹ́ jáde, kí a dá bẹ́ńṣì padà, kí àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ sì máa gba àdúrà òwúrọ̀ níbẹ̀.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ bi wá pé ta ni yóò san owó àtúnṣe. Ìbéèrè rere ni. Páànù àti igi òrùlé ni yóò gba owó jù. Amọ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé. Kí a má ṣáà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà o, nítorí sìmẹ́ńtì a máa há omi mọ́ inú amọ̀, ògiri á sì máa jẹrà láti inú. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí a ti ń po amọ̀ rírẹ́ kù díẹ̀ ní Òrù àti Awà; kí a pè wọ́n nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì lè tọ́ka.

Ẹ̀rù ń bà wá nítorí ohun tí ojú wa ti rí. Ní ìjọ kan ní agbègbè yìí, níbi tí a ti lọ bá wọn ṣe ìmọ́tótó, wọ́n kó ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìpàdé àtijọ́ jáde pẹ̀lú pàǹtírí, wọ́n sì sun ún. Ìgbà tí iná ti jó o tán ni bàbá àgbà kan sọ pé orúkọ kafíńtà tí ó kan bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò rántí orúkọ náà mọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ní fọ́tò ilé àdúrà wa mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa jókòó ti ìyá yín àgbà, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Ní ti ọkọ̀, ààyè wà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù. A ti lọ fi okùn wọ̀n ọ́n: yóò gba ogún ọkọ̀, a kò sì ní gé igi kan.