Fídíò ń há lórí fóònù: ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni, àbí wọ́n ń tú ẹrù wò lọ́nà?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Atokoligbé ló ń fi fídíò wo ọjà kí wọ́n tó fowó ránṣẹ́. Bí fídíò bá há, a ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà bèèrè.

Lóṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Benin gbé àṣẹ kan jáde pé kí aráàlú máa san fàránkì CFA 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti Twitter. Aráàlú fárígá, ìjọba sì fagi lé e lóṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó lè gba owó WhatsApp lọ́tọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń yẹ dátà wò, tó sì ń dá ti WhatsApp mọ̀ láàárín ìyókù.

Ẹ fi wé ọkọ̀ kajú tó ń ti Bantè lọ sí Savalou. Bí wọ́n bá kàn ka iye àpò, ọkọ̀ ò ní pẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ó tú àpò kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Ti fídíò tún yàtọ̀ díẹ̀, torí fóònù máa ń kó apá kan rẹ̀ pamọ́ ṣáájú, ìdádúró kékeré kì í hàn sójú. Ohun tó ń dunni jù ni ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ pé fídíò ni. Ní Amẹ́ríkà, àjọ EFF dán ilé-iṣẹ́ T-Mobile wò lóṣù Kìíní 2016. Wọ́n rí i pé ètò Binge On rẹ̀ ń dín ìyára fídíò kù sí nǹkan bíi 1.5 Mbps, kódà níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Áàpù Wehe, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Northeastern ṣe, máa ń gba dátà kan náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan bó ṣe rí, lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ti da ojú rẹ̀ rú kí ẹ̀rọ ayẹ̀wò má baà dá a mọ̀. Bí èyí tí wọ́n da ojú rẹ̀ rú bá ń sáré jù léraléra, a jẹ́ pé wọ́n ń fa fídíò sẹ́yìn. Bí méjèèjì bá falẹ̀ bákan náà, ẹ má bínú sí atúẹrù. Bóyá òpó ló jìnnà, tàbí èrò ọjọ́ ọjà ló pọ̀ lórí rẹ̀.

Lójú tèmi, ARCEP, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù nílẹ̀ wa, ló yẹ kó máa ṣe irú ìdánwò yìí dé abúlé, kó sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lójú kan náà. Kó sì rántí pé dátà tirẹ̀ ni ìdánwò náà ń jẹ.